Babington Macaulay: Àlùfáà tó dá ilé-ẹ̀kọ́ girama sílẹ̀ láì dúró de owó Lọ́ńdọ̀nù

Kò sí awakọ̀ tó ń ná Ṣómólú sí Bàrígà tí kò mọ ibi tí CMS Grammar School wà. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ti di ohun tí wọ́n fi ń júwe ọ̀nà fún àlejò. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba èèyàn ló lè dárúkọ àlùfáà tó dá a sílẹ̀, àwọn tó sì mọ ọwọ́ ẹni tí owó tó fi bẹ̀rẹ̀ ti wá kò tó nǹkan rárá.

Thomas Babington Macaulay ni orúkọ àlùfáà náà. Kò fi ojú rí ilé-ẹ̀kọ́ yìí ní Bàrígà, nítorí ọdún 1878 ló jáde láyé, ilé-ẹ̀kọ́ náà kò sì dé Bàrígà títí di ọdún 1959. Erékùṣù Èkó ló ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú ọmọ mẹ́fà péré.

Síbẹ̀, ìtàn rẹ̀ bá àdúgbò náà mu gan-an. Ní Ṣómólú, àwọn atẹ̀wé máa ń ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ láì mọ̀ bóyá oníbàárà yóò gbé iṣẹ́ wá lọ́jọ́ náà. Ní ìhà Ìlàjẹ ní Bàrígà, ojú omi ni apẹja ń wò. Iṣẹ́ òòjọ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń jẹ níbẹ̀, ẹni tó jí tí kò mọ ibi tí ti òní yóò gbà wọlé kò sì ṣàjèjì. Bí onítọ̀hún bá dé ilé ìjọsìn, ohun tí wọ́n máa ń sọ fún un ni pé kí ó gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ náà dára, àmọ́ ìbéèrè kan ṣì kù níbẹ̀. Ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run fún oúnjẹ òòjọ́, kí ni ó yẹ kó máa ṣe láti àárọ̀ títí di alẹ́? Bí Macaulay ṣe lo ìgbé ayé rẹ̀ dáhùn ìbéèrè náà.

Ọmọ àwọn tó bọ́ lóko ẹrú

Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìíní ọdún 1826 ni wọ́n bí Macaulay ní Kissy, ìlú kékeré kan lẹ́bàá Freetown ní Sàró. Ọmọ Yorùbá ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Ìkìrun ni bàbá rẹ̀, Òjó Oriare, ti wá. Ilé-Ogbó sì ni ìyá rẹ̀, Kilangbe, ti wá. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni ìlú méjèèjì wà lónìí. Àwọn méjèèjì wà lára ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tí wọ́n kó lẹ́rú nígbà ogun, tí ọkọ̀ ojú omi ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì gbà sílẹ̀ lójú òkun kí wọ́n tó gbé wọn kọjá sí òdìkejì ayé.

Ẹni tí wọ́n gbà sílẹ̀ báyìí kì í ní nǹkan kan lọ́wọ́ nígbà tó bá sọ̀ kalẹ̀ sí Freetown. Kò ní oko, kò ní ilé, kò ní ẹbí, àwọn míì ò tilẹ̀ gbọ́ èdè ẹni tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Oúnjẹ àti aṣọ díẹ̀ ni ìjọba máa ń fún wọn ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn èyí kálukú á wá ọ̀nà ara rẹ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Sàró kó ara wọn jọ. Wọ́n dá oko, wọ́n ń ná ọjà, wọ́n sì ń dá èésú gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń dá a nílé kí ogun tó tú wọn ká. Nígbà tó fi máa tó ọgbọ̀n ọdún, àwọn kan lára wọn ti ń ra ọkọ̀ ojú omi fúnra wọn.

Láàárín irú àwọn èèyàn báyìí ni wọ́n ti tọ́ Macaulay dàgbà. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ jẹ́ orúkọ tí wọ́n mọ̀ dáadáa ní Sàró, nítorí Zachary Macaulay ti jẹ gómìnà níbẹ̀, ọmọ gómìnà náà tó ń jẹ́ Thomas Babington Macaulay sì ni òpìtàn tó lókìkí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tó jẹ́ orúkọ ńlá ní láti kàwé. Macaulay sì kà á. Lẹ́yìn tó ti kàwé ní Sàró, ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nnárì CMS ní Islington ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì tún kàwé ní King's College ní ìlú kan náà. Nígbà tó fi máa padà sí Áfíríkà, àwọn ọmọ ilẹ̀ adúláwọ̀ tó kàwé tó o nínú iṣẹ́ ìjọ CMS kò pọ̀.

Ọdún 1854 ló fẹ́ Abigail, ọmọ Samuel Àjàyí Crowther. Crowther fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní ọdún 1821, tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní ọdún 1822, tó sì di bíṣọ́ọ̀bù adúláwọ̀ àkọ́kọ́ nínú ìjọ Áńgílíkà ní ọdún 1864. Ilé tí Macaulay fẹ́yàwó láti inú rẹ̀ mọ ohun tí à ń pè ní àìní, wọ́n sì mọ bí Ọlọ́run ṣe ń lo èèyàn láti mú un kúrò.

Wọ́n ti ilẹ̀kùn ní Abẹ́òkúta

Abẹ́òkúta ni iṣẹ́ ìjọ CMS ti fìdí múlẹ̀ jù lọ nílẹ̀ Yorùbá nígbà náà, láti ọdún 1846. Ibẹ̀ ni Macaulay lọ. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ girama, irú èyí tí CMS dá sílẹ̀ ní Freetown ní ọdún 1845, níbi tí ọmọ adúláwọ̀ yóò ti kọ́ Látìn, Gíríìkì àti ìṣirò gẹ́gẹ́ bí ọmọ òyìnbó ṣe ń kọ́ ọ.

Henry Townsend, míṣọ́nnárì òyìnbó tó jẹ́ aṣáájú ní Abẹ́òkúta, kò fara mọ́ ọn. Townsend kò fẹ́ràn kí ìwé àwọn àlùfáà adúláwọ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kò sì fẹ́ kí wọ́n tètè gba agbára nínú ìjọ. Dípò ilé-ẹ̀kọ́ girama, àárín àwọn Òwu ní Abẹ́òkúta ni wọ́n rán Macaulay lọ láti máa wàásù.

Ẹni tó bá wo ọ̀rọ̀ náà nígbà yẹn lè sọ pé ìwé tí ọkùnrin náà kà ti ṣòfò. Kò sí àkọsílẹ̀ tó fi hàn pé Macaulay fi iṣẹ́ ìjọ sílẹ̀ tàbí pé ó lọ wá iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn oníṣòwò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oníṣòwò tó bá rí ẹni tó kàwé tó bẹ́ẹ̀ kò ní jẹ́ kó lọ. Ó dúró sẹ́nu iṣẹ́ tí wọ́n fún un. Nígbà tí àyè ṣí sílẹ̀ ní Èkó, ó gbé èrò rẹ̀ lọ síbẹ̀.

Èkó kí Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á

Ní ọdún 1859, Èkó kò tíì di ìlú tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso. Ọba Dòsùnmú ló wà lórí ìtẹ́. Ọdún mẹ́jọ ṣáájú ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu ìlú náà, tí wọ́n lé Kòsọ́kọ́ lọ, tí wọ́n sì dá Akítóyè, bàbá Dòsùnmú, padà sórí oyè. Látìgbà náà ni àwọn Sàró àti àwọn tó ti Brazil dé ti ń ya wọ Èkó, tí òwò epo pupa sì ń gbilẹ̀.

Owó wà nílùú, àmọ́ kò sí lọ́wọ́ àlùfáà. CMS ní Lọ́ńdọ̀nù kò gbé owó sílẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Èkó. Èyí kò yani lẹ́nu. Henry Venn, akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ náà, ti ń sọ ọ́ fún ọjọ́ pípẹ́ pé ìjọ tó bá fẹ́ gbilẹ̀ ní Áfíríkà gbọ́dọ̀ kọ́ láti bọ́ ara rẹ̀, kí ó máa ṣàkóso ara rẹ̀, kí ó sì máa tan ìhìn rere kálẹ̀ fúnra rẹ̀. Lójú Venn, ìjọ tó ń retí ọkọ̀ láti òkè òkun kó tó jẹun kò tíì mọ ẹni tó ń bọ́ ọ.

Ọ̀nà méjì ló wà níwájú Macaulay. Ó lè dúró títí Lọ́ńdọ̀nù yóò fi yí èrò padà, kó sì máa gbàdúrà pé kí ó tètè rí bẹ́ẹ̀. Ó sì lè lọ kan ilẹ̀kùn àwọn tí Ọlọ́run ti fún lówó ní tòsí rẹ̀. Ọ̀nà kejì ló gbà.

Àádọ́ta pọ́n-ùn láti ọwọ́ ọ̀gákọ̀ ojú omi

Ẹni tó ṣí ilẹ̀kùn fún un ni James Pinson Lábulọ̀ Davies, tí gbogbo Èkó mọ̀ sí Captain Davies. Ọmọ Sàró lòun náà, ọmọ àwọn Yorùbá tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹrú gẹ́gẹ́ bíi ti Macaulay. Ọdún 1828 ni wọ́n bí i. Ó ti ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, ó sì wà lára àwọn tó wá sí Èkó nígbà ogun ọdún 1851. Lẹ́yìn náà ló fi iṣẹ́ ogun sílẹ̀, tó di ọ̀gákọ̀ àti oníṣòwò, tó sì fìdí kalẹ̀ sí Èkó. Òun ló wá fẹ́ Sarah Forbes Bonetta ní ọdún 1862, ọmọbìnrin Yorùbá tí Ọbabìnrin Victoria gbà tọ́.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1859, Davies kó £50 lé Macaulay lọ́wọ́ láti fi ra ìwé àti àwọn ohun èlò ilé-ẹ̀kọ́. Ẹni ọgbọ̀n ọdún ni ẹni tó fúnni lówó, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n sì ni ẹni tó gbà á. Owó gidi ni £50 nígbà náà, àmọ́ kò lè kọ́ ilé-ẹ̀kọ́, kò sì lè bọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ títí ọdún yóò fi yípo. Ó tó láti bẹ̀rẹ̀ ni.

Macaulay kò jẹ́ kí ó pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Láàárín oṣù méjì, ìyẹn ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà ọdún 1859, ó ṣí ilé-ẹ̀kọ́ náà. Kò kọ́ ilé tuntun. Ilé kékeré kan tí kò ní òkè, tí wọ́n ń pè ní Cotton House, ní Broad Street, ló fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ mẹ́fà ni akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, inú ilé-ẹ̀kọ́ ni gbogbo wọn sì ń gbé. Wọ́n retí pé iṣẹ́ àlùfáà ni wọn yóò ṣe lọ́jọ́ iwájú.

Ẹni tó bá ti tọ́ ọmọ rí mọ ohun tí ọmọ mẹ́fà tó ń gbé lọ́dọ̀ èèyàn túmọ̀ sí. Látìn àti Gíríìkì lè dúró di ọ̀la, oúnjẹ kò lè dúró. Epo àtùpà wà ńbẹ̀, ọṣẹ wà ńbẹ̀, omi wà ńbẹ̀, àìsàn òru sì lè dé nígbàkígbà. Ojoojúmọ́ ni ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ń bá ọ̀rọ̀ oúnjẹ òòjọ́ wọ̀yá ìjà, ní iye ẹnu tó wà nílé. Macaulay gbà láti ṣe é kó tó mọ ibi tí owó ọdún kejì yóò ti wá.

Owó ilé-ẹ̀kọ́ tí òbí ń san wà lára ohun tó mú ilé-ẹ̀kọ́ náà dúró. Àwọn òbí kan ní Èkó rí i pé ohun tí ọmọ wọn yóò kọ́ níbẹ̀ tó ohun tí wọ́n lè náwó lé lórí. Wọ́n ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, jọ́gíráfì, ìtàn, ẹ̀kọ́ Bíbélì, Látìn, Gíríìkì àti ọgbọ́n ìrònú. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì wá gba Èkó ní ọdún 1861, tí ìjọba tuntun ń wá akọ̀wé àti òṣìṣẹ́ kiri, ilé-ẹ̀kọ́ Macaulay ni wọ́n ti ń rí ọ̀pọ̀ lára wọn. Ohun tó bẹ̀rẹ̀ láti fi wá àlùfáà wá di ibi tí ọmọ mẹ̀kúnnù ti ń rí iṣẹ́ tí yóò fi jẹun.

Ọdún 1867: ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi méjì

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀, àyè kò tó mọ́. Ní ọdún 1867, wọ́n dá àpò owó kan sílẹ̀ láti fi kọ́ ilé tó yẹ. Captain Davies tún fi £100 sílẹ̀. Àwọn Sàró mìíràn náà dáwó: Moses Johnson, I. H. Willoughby, T. F. Cole, James George àti Charles Foresythe.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ ní kíkíyèsí jù nínú wọn ni Dáníẹ́lì Conrad Táíwò, tí wọ́n ń pè ní Táíwò Olówó. Táíwò kì í ṣe Sàró. Ọmọ Ìṣẹrì ni, ó wá ṣòwò ní Èkó títí ó fi lówó lọ́wọ́, tí ẹnu rẹ̀ sì tólẹ̀ nílùú. Òun náà fi £50 sílẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn Sàró dá sílẹ̀. Nígbà náà, ìyàtọ̀ wà láàárín ọmọ onílẹ̀ àti ẹni tó ti Sàró dé, ọ̀pọ̀ nǹkan sì ni ìhà méjèèjì kì í fi ojú kan náà wò. Ṣùgbọ́n owó ilé-ẹ̀kọ́ náà ti ọwọ́ ìhà méjèèjì wá.

Ní ọdún 1867 kan náà, nǹkan mìíràn ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ní oṣù kẹwàá ni rògbòdìyàn tí wọ́n ń pè ní Ìfọ́lé bẹ́ sílẹ̀. Wọ́n kọlu ilé ìjọsìn àti ilé àwọn míṣọ́nnárì, wọ́n kó wọn lẹ́rù, wọ́n sì lé àwọn òyìnbó kúrò nílùú. Ọ̀pọ̀ Kristẹni Ẹ̀gbá sá wá sí Èkó, gómìnà Glover sì fún wọn nílẹ̀ ní Èbúté Mẹ́tta, tí kò jìnnà sí ibi tí Ṣómólú àti Bàrígà wà lónìí.

Bí Townsend bá ti gbà fún Macaulay ní Abẹ́òkúta, inú ìlú yẹn ni ilé-ẹ̀kọ́ náà ì bá wà lọ́jọ́ Ìfọ́lé, kò sì dájú pé ì bá yọ. Ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ ọn lójú ló wá jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ wà ní ibi tí wọn kò lè fọ́ ọ. Ẹni tí wọ́n kọ̀ fún lónìí kì í mọ ohun tí ọdún mẹ́wàá sí i yóò mú wá. Èyí kò sọ pé ohun tí Townsend ṣe dára, ó kàn fi hàn pé ọ̀nà tí ìpèsè ń gbà wá ju ibi tí ojú èèyàn mọ lọ.

Nígbà tí òwò Davies wó

Apá kan tó ṣòro jù nínú ìtàn yìí ni ti Captain Davies fúnra rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1870, òwò rẹ̀ dàrú. Gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn lọ́dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó tó ń bá a ṣòwò, ọ̀rọ̀ dé ilé-ẹjọ́, wọ́n sì kéde ní ọdún 1876 pé kò lè san gbèsè rẹ̀ mọ́. Ọkùnrin tó ti fi £150 ran ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ wá di ẹni tí àwọn olówó ń lé kiri.

Nínú ìjọ, irú ọ̀rọ̀ yìí máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Wọ́n ti kọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn pé ẹni tó bá fún Ọlọ́run ní nǹkan kò ní tálákà. Davies fún un, ó sì pàdánù ohun tó ní. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìṣirò náà bára mu ní gbogbo ìgbà kò ní rí i nínú ìgbésí ayé rẹ̀. Ohun tí yóò rí ni pé Davies kò jókòó sínú ìṣubú náà. Lẹ́yìn ikú Sarah ní ọdún 1880, ó gbájú mọ́ oko rẹ̀ ní Ìjọn, lẹ́bàá Agége, ó gbin kòkó síbẹ̀, ó sì di ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ fi oko kòkó ṣiṣẹ́ ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Kòkó yẹn náà ló wá bọ́ ilẹ̀ Yorùbá fún ìran púpọ̀. Ọdún 1906 ló kú.

Kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí ilé-ẹ̀kọ́ náà nígbà tí òwò Davies wó? Kò tì. Bí ó bá jẹ́ pé àpò ẹnì kan ṣoṣo ni Macaulay gbẹ́kẹ̀ lé, ọjọ́ tí àpò yẹn gbẹ ni ọmọ yóò padà sílé. Ṣùgbọ́n òbí púpọ̀ ló ń san owó, oníṣòwò púpọ̀ ló ti dáwó, Sàró àti ọmọ onílẹ̀. Davies jẹ́ ọwọ́ tí ìrànlọ́wọ́ gbà wá, kì í ṣe orísun rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe àṣìṣe láàárín àwọn méjèèjì: wọ́n á gbàdúrà sí Ọlọ́run, wọ́n á sì gbé gbogbo ìrètí wọn lé orí ẹ̀gbọ́n kan tó wà lókè òkun.

Ikú àlùfáà

Ní ọdún 1878, àrùn ìgbóná jà ní Èkó. Àrùn tí àwọn àgbà kì í fẹ́ dárúkọ rẹ̀ tààrà nìyẹn. Ó mú Macaulay, ó sì pa á. Ó lé ní ọdún méjìdínlógún tó ti wà nídìí ilé-ẹ̀kọ́ náà, kò sì kúrò nípò ọ̀gá àgbà títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Ó fi Abigail sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí opó, ó sì fi àwọn ọmọ sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Herbert, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá, inú ilé-ẹ̀kọ́ tí bàbá rẹ̀ dá sílẹ̀ ló sì wà nígbà tí bàbá náà kú. Kò sí ẹni tó lè pe irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ ìpèsè. Ìgbẹ́kẹ̀lé tí kò bá lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè, kò tíì pé.

Síbẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ tí bàbá fi kọ́ ọmọ ẹlòmíràn ló wá kọ́ ọmọ tirẹ̀ lẹ́yìn tí kò sí mọ́. Herbert kàwé níbẹ̀ títí di ọdún 1880. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ akọ̀wé lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ní ọdún 1890, ìjọba rán an lọ sí Plymouth nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ṣẹ́ ìwọnlẹ̀ àti iṣẹ́ ẹ̀rọ, ó sì padà dé ní ọdún 1893. Òun ni Herbert Macaulay tó dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP sílẹ̀ ní ọdún 1923, tó bá òyìnbó fa ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Èkó, tó kú ní ọdún 1946, tí wọ́n sì ya àwòrán rẹ̀ sára owó náírà kan. Gbogbo Nàìjíríà mọ ọmọ, àmọ́ wọn kò mọ bàbá tó bẹ́ẹ̀.

Láti Broad Street dé Bàrígà

Lẹ́yìn Macaulay, Henry Johnson di ọ̀gá àgbà, lẹ́yìn náà ni Isaac Olúwọlé, tó wà níbẹ̀ láti ọdún 1881 títí di ọdún 1893 tí wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Bí ọ̀kan ṣe ń lọ ni òmíràn ń dé. Nígbà tó di àárín ọ̀rúndún ogún, erékùṣù Èkó ti há mọ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ní ọdún 1959, tó pé ọgọ́rùn-ún ọdún, nígbà tí Kánọ́ọ̀nù B. A. Adélàjà jẹ́ ọ̀gá àgbà, wọ́n kó o wá sí Bàrígà.

Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ Bàrígà, Ṣómólú, Akọka àti Ìlàjẹ ti ń gba ẹnu géètì rẹ̀ wọlé. Ìjọba gba àwọn ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àwọn ìjọ ní àwọn ọdún 1970, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó sì dá CMS Grammar School àti àwọn mìíràn padà fún àwọn tó ni wọ́n ní ọdún 2001. Láti ìgbà náà, ìjọ Áńgílíkà ló tún ń wá bí yóò ṣe bọ́ iṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀, àwọn òbí sì ń wá owó ilé-ẹ̀kọ́. Ọ̀rọ̀ tó wà níwájú Macaulay ní Cotton House kò tíì kúrò nílẹ̀.

Owó ilé-ẹ̀kọ́ kì í rọrùn fún ẹni tó ń fi iṣẹ́ ìtẹ̀wé tàbí ẹja títà tọ́ ọmọ. Ìdí nìyẹn tí ìtàn yìí fi kan àwọn ilé ìjọsìn tó kún gbogbo òpópónà Ṣómólú àti Bàrígà. Gbogbo wọn ló ń kọ́ ọmọ ìjọ láti gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run fún ohun tí wọn yóò jẹ. Bí Ọlọ́run ṣe dá Macaulay lóhùn ní ọdún 1859 ni pé ó fi owó sí ọkàn ọmọ Sàró kan láti fún ọmọ Sàró ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí kò bá sí Davies tó gbà láti tú àpò rẹ̀, àdúrà nìkan ni ì bá wà nílẹ̀. Bí kò bá sì sí Macaulay tó gbà láti dìde lọ bẹ̀bẹ̀, àpò Davies ì bá wà ní dídì.

Àdúrà Olúwa tí gbogbo ìjọ ń gbà ní ọjọ́ Ìsinmi, ọ̀rọ̀ púpọ̀ ni wọ́n fi gbé e kalẹ̀. Oúnjẹ òòjọ́ tí wọ́n ń tọrọ níbẹ̀ kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo, ti gbogbo wa ni. Ẹni tó bá ti jẹun yó lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, tó sì tún gba àdúrà náà, ó ń tọrọ fún aládùúgbò rẹ̀ tí kò tíì jẹ ni, ó sì lè jẹ́ pé ọwọ́ tirẹ̀ ni ìdáhùn náà wà. Bí Davies ṣe lo £50 ní oṣù kẹrin ọdún 1859 nìyẹn, ilé-ẹ̀kọ́ tó ti ibẹ̀ jáde sì ṣì wà ní Bàrígà.